Òjò Bá Wa ní Etíkun Àgbádárìgì

Tolúwalàṣẹ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ní Kánádà. Gbogbo ilé n'Ífẹ̀ ń kí yín. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ti fúyẹ́.

Èmi àti bàbá rẹ ti dé láti etíkun tí o ní ká lọ sinmi. Òjò kò jẹ́ ká jáde. A ta ayò, a jẹ àgbàdo àti àgbọn nínú yàrá. Oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, n kò rí bàbá rẹ. Etí omi ni mo ti bá a, òjò ń pa á.

Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà Mọdákẹ́kẹ́ dà?"

Mo ní, "Èmi ni, ìyá Tolú." Ó wò mí títí, kò dá mi mọ̀.

Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ó ṣì ń pe orúkọ rẹ. Jọ̀ọ́, wá kó tó gbàgbé ìyẹn náà. Ọlọ́run á mú ọ délé láyọ̀.

Èmi ìyá rẹ tó ń retí rẹ.