Màmá Leokadia Wrzosek àti Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ńlá Òpópónà Ahunṣọ

Ìlú Tkalnica, nílẹ̀ Poland, ni a ti bí Màmá Leokadia Wrzosek lọ́dún 1938, nínú ilé ìdáná tó wà lábẹ́ ilé ńlá olówó tó ni ilé iṣẹ́ ìhunṣọ. Bàbá wọn, Walenty, ń hun aṣọ ní ilé iṣẹ́ náà; ìyá wọn, Petronela, ni alásè olówó náà. Ẹ̀yìnkùlé ni ẹbí wọn máa ń gbà wọlé.

Nígbà tí ogun parí, ìjọba gba ilé náà, ó sì sọ gbọ̀ngàn ijó di ibi tí àwọn obìnrin ahunṣọ ń fi ọmọ wọn sí kí wọ́n tó lọ sídìí ẹ̀rọ. Lọ́dún 1957, Màmá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùtọ́jú ọmọ níbẹ̀. Lọ́dún 1961, wọ́n fẹ́ Bàbá Zenon, tó ti ṣáájú wọn lọ. Ọmọ ta ni Màmá kò wẹ̀ ní ìlú yìí?

Ilé iṣẹ́ kógbá wọlé lọ́dún 1992, ẹyẹlé sì gba ilé ńlá. Màmá kó àwọn obìnrin ìjọ lẹ́yìn, wọ́n ń gbá omi òjò jáde níbẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbẹ̀yìn, ìlú tà á fún Radosław Kmieciak, ó sì sọ ọ́ di ilé ìgbéyàwó. Ìyẹn kò bí àwa ẹbí Màmá nínú. Ilé tí wọ́n ń jó nínú rẹ̀ sàn ju èyí tí ẹyẹlé ń yàgbẹ́ sí lọ.

Ohun tó ń bí wa nínú nìyí. Àṣà wa ni kí a fi pósí kan òkúta ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí olóògbé fi dágbére fún ilé. Kí Màmá tó kú, ẹnu ọ̀nà iwájú ilé ńlá yẹn ni wọ́n ní kí a ti ṣe tiwọn. Ọmọ wọn, Halina, lọ bẹ Radosław, tí gbogbo wa ń pè ní Radek.

"Àǹtí Halina, ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa ṣègbéyàwó níbi tí wọ́n gbé òkú gbà?"

"Radek! Ìwọ tí màmá mi kọ́ láti jókòó sórí póò?"

"Ìyẹn ti pẹ́, mà. Òwò ni mò ń ṣe."

Ó ti pẹ́, àbí? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Halina àti Czesław ni ọmọ tí Màmá fi sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún.

A kò ní já ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Bí a bá ti ìsìn ìsìnkú jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bá wa gba Òpópónà Ahunṣọ. Níwájú géètì, lórí títì tí ẹnikẹ́ni kò lè rà, a ó gbé Màmá kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni mẹ́fà ló yẹ kó gbé pósí. Márùn-ún ti wà, gbogbo wọn ni Màmá tọ́ nínú ilé yẹn.

Radek, a mọ̀ pé ìwé yìí á dé ọwọ́ rẹ. Àyè ẹni kẹfà, tìrẹ ni.

Màmá Leokadia, ẹ sùn ire.