Àjẹ̀ Tí Ẹ Máa Ń Nà Sí Mi

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ara Ìyá le. Òkun ti gba ilé ìdáná wa ní Abereke, ẹ̀yìn yàrá yín ni wọ́n ti ń yan ẹja báyìí. Gbogbo rẹ̀ ni èéfín ti gbà.

Wọ́n ṣiṣẹ́ sí ọkàn mi nílé ìwòsàn lóṣù tó kọjá. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí àyà mi máa ń dédé sáré, á kọsẹ̀, á tún sáré, ojú mi á sì ṣú. Dókítà, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ní apá òkè ọkàn mi ni kò lù déédéé mọ́, pé ẹ̀jẹ̀ lè dì síbẹ̀ kó sì fa rọpárọsẹ̀. Ó bi mí bóyá bàbá mi ní irú rẹ̀. Mo ní rárá, pé ẹ ò ṣàìsàn rí títí ọjọ́ tí ẹ ṣubú sínú ọkọ̀ tí ẹ ò sì dìde mọ́. Ó ní kí n rò ó dáadáa.

Ìgbà náà ni mo rántí àjẹ̀ tí ẹ fi ń tukọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Èmi á jókòó níwájú, ẹ̀yin á wà ní ìdí ọkọ̀. Tí a bá dé àárín odò, ẹ ó dákẹ́ orin, ẹ ó na àjẹ̀ sí mi láti ẹ̀yìn.

“Gbà, kọ́ ọ. Má wẹ̀yìn.”

Inú mi á dùn, mo rò pé ẹ ń sọ mí di àgbà ni. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹ ó gbà á padà, orin á tún bẹ̀rẹ̀. Ṣé àyà yín ló ń sáré nígbà náà, Bàbá? Ta lẹ sọ fún? Inú bí mi sí yín níbi tí mo jókòó sí lọ́dọ̀ dókítà. Ó ṣì ń bí mi díẹ̀.

Iṣẹ́ náà ò le lójú wọn. Wọ́n gba iṣan kan ní itan mi, wọ́n ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ibẹ̀ dé inú ọkàn, wọ́n sì jó ojú ibi tí wàhálà náà ti ń wá. Itan mi wú, ó ti lọ sílẹ̀. Wọ́n ní àyà sísáré náà lè padà. Kò tíì padà.

Lánàá, èmi àti ọmọ mi obìnrin lọ wo àwọ̀n. Ní àárín odò, mo na àjẹ̀ sí i. Kò gbà á. Ó yíjú padà, ó wo ojú mi, ó bi mí bóyá àyà mi ni. Mo ní rárá, mo kàn fẹ́ kó kọ́ ọ ni.

Òótọ́ ni mo sọ fún un.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín,
tó máa ń jókòó níwájú ọkọ̀.