Kọfí Tí Mo Yìn Ní Bódìjà

Ìyá Láwùmí mi,

Ara mi ń le, má fòyà. Lánàá, bí a ṣe kúrò ní ilé ìwòsàn, ọmọ rẹ mú mi lọ sí àjọ̀dún kọfí ní Bódìjà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bu oríṣiríṣi fún wa, ó ń ṣe bí ọ̀gá yunifásítì.

"Bàbá, ẹ dijú kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò. Ṣé adùn ọsàn wà lẹ́nu yín?"

Mo ní ó wà. Tíṣà bíi tèmi kì í ní òun ò mọ̀. Ife kẹrin ni mo yìn jù.

"Háà, Bàbá! Omi gbígbóná tẹ́ ẹ máa fi ṣan ẹnu nìyẹn!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Láwùmí tó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oògùn ló gba adùn lẹ́nu mi. Dókítà ní adùn náà yóò padà, kò sọ ìgbà.

Wàrà tí o fẹ́ fi ránṣẹ́, fi ránṣẹ́. Ó ti dùn kó tó dé.

Bá mi kí gbogbo ará Ṣakí.

Akínbíyìí, ọkọ rẹ