Ọkọ̀ Tí Kò Dúró Lójú Kan Lórí Pẹpẹ

Yàrá Àlejò, Ilé Àbúrò Mi,
Ojúlé Kẹsàn-án, Òpópónà Ilé Ìkàwé.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ẹnjiníà,

Ṣé ara rẹ le? Ọkọ rẹ ńkọ́, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún? Ṣé ó ti gbà láti kúrò lórí àga rírọ̀ yẹn? Ọmọ rẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ńkọ́, ṣé ọ̀gá ibẹ̀ kò yọ ọ́ lẹ́nu? Mo rí àwòrán ọmọ-ọmọ rẹ tí o fi ránṣẹ́. Ó jọ ọ́ débi pé mo rò pé láìpẹ́ yóò máa fi téèpù wọn ògiri kiri. Àwa náà wà. Ara ìyá ọkọ mi le, ẹnu rẹ̀ sì le ju ara rẹ̀ lọ.

O ó ti rí i pé àdírẹ́sì òkè yìí kì í ṣe ti ilé wa. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń kọ̀wé. Mo fẹ́ kí o wá bá wa wo ilé náà, mo sì fẹ́ kí o bá bàbá àwọn ọmọ mi sọ̀rọ̀ kí ó tó padà wọ inú rẹ̀. Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ìbẹ̀rù mi má baà ṣáájú ọ̀rọ̀.

O mọ̀ pé látìgbà tó ti fi iṣẹ́ aago títúnṣe sílẹ̀, àwọn bíríkì oníke kéékèèké tí ọmọdé fi ń kọ́lé ló gbájú mọ́. Ó ti fi wọ́n kọ́ ilé ẹjọ́, ilé gogoro kan tó ní aago lórí, afárá gígùn kan, àti ọkọ̀ ojú irin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí ní ti gidi. Yàrá Ìyá ló kó wọn sí, lórí pẹpẹ onípákó méjì tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ẹ̀yìn, torí oòrùn kì í wọ ibẹ̀. Bí oòrùn bá ń pa wọ́n lójoojúmọ́, funfun wọn á dà bí eyín ẹni tó ń fa sìgá. Ó lófin lórí wọn. A kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ bíríkì mọ́ bíríkì, torí ohun tí a bá lẹ̀ pa kò ṣeé tú fọ̀ mọ́. A kì í sì fi aṣọ nù wọ́n. Búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń kun àtíkè ló gbà lọ́wọ́ mi pé òun fẹ́ fi gbọn eruku, kò sì dá a padà títí dòní.

Ìsàlẹ̀ pẹpẹ yìí gan-an ni ibùsùn Ìyá wà. Látìgbà tí ìbàdí ti dá a gúnlẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń dùbúlẹ̀ sí, tí yóò máa fi ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀: “Gbogbo ilé tó kọ́ yìí, ẹyọ ayálégbé kan kò sí níbẹ̀.”

Nígbà tó yá, ẹni tó ra ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Kòtò náà jìn, katapílà wọn sì ń mi gbogbo àdúgbò. Ibi tí mo ti ń gbọn eruku ni mo ti kọ́kọ́ fura. Bí o bá gbé ọ̀kan nínú àwọn ilé yẹn, ibi tó jókòó sí máa ń mọ́ kedere láàárín eruku. Lọ́jọ́ náà, n kò tíì fọwọ́ kan ilé ẹjọ́ rárá tí ojú mímọ́ yẹn ti hàn lẹ́yìn rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà. Ilé ẹjọ́ ti sún. Ọkọ̀ ojú irin ti kúrò láàárín pẹpẹ, ó ti lọ fi imú sọ ilé gogoro tó wà ní ìpẹ̀kun.

Mo bi Ìyá pé ta ló wọlé.

“Ta ló máa wọlé?” ni ó dá mi lóhùn. “Àbí èmi tí mi ò lè dìde lọ bomi mu ni màá máa wa rélùwéè, ìyàwó mi?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo dá ọkọ̀ náà padà sáàárín. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ wọlé fún un, ọkọ̀ náà ti padà síbi tó fẹ́. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ara mi bù máṣọ.

Bàbá àwọn ọmọ kò bẹ̀rù. Ó ní gìrìgìrì katapílà ló ń ṣí wọn nídìí, ó sì wá oògùn rẹ̀: gọ́ọ̀mù rírọ̀ tí wọ́n fi ń lẹ ìwé mọ́ ògiri. Kì í ṣe bíríkì mọ́ bíríkì, nítorí náà kò tàpá sófin ara rẹ̀. Ìdí wọn ló lẹ̀ mọ́ pákó: ilé ẹjọ́, ilé gogoro, ọkọ̀, àti afárá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lórí pákó òsì tí èkejì sì wà lórí pákó ọ̀tún. Látọjọ́ náà, ohunkóhun kò mira mọ́. Ó ń yangàn, èmi náà ń yìn ín, mo sì ń sùn fọnfọn. Oorun yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù báyìí. Ohun kan ṣoṣo tó ń pariwo fún wa nínú ilé yẹn, àwa la fi gọ́ọ̀mù dí i lẹ́nu.

Mo ṣàkíyèsí ìlà kan lára ògiri ẹ̀yìn náà, láti igun fèrèsé wá sísàlẹ̀. Mo lọ bá fóòmàn àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀. Kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí katapílà wá bá mi. Ó ní, “Mọ́mì, ojú símẹ́ǹtì lásán nìyẹn. Ilé yín ti dàgbà, ẹ jẹ́ kó hunjọ díẹ̀.” Àwọn tó wà nínú kòtò rẹ́rìn-ín. Ohùn ẹ̀rín wọn jìnnà nísàlẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni afárá náà já láàárín. Bíríkì rọ̀jò lé Ìyá lórí. Kò pa á lára. Ó ń ṣa wọ́n kúrò nínú irun rẹ̀, ó ń pàṣẹ pé kí wọ́n lọ mú agbaṣẹ́ṣe tó kọ́ ọ wá. Agbaṣẹ́ṣe, ọmọ rẹ̀, gun àga, ó tún un tò, ó ku bíríkì àárín. Bíríkì náà kò dé òdìkejì. Ó tú u, ó tún tò ó pẹ̀lú sùúrù tó fi ń ṣe aago, àlàfo náà kò kúrò níbẹ̀. Ó ní bóyá òun ti gbàgbé bí òun ṣe kọ́ ọ. Mo sọ fún un pé afárá kò kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló ti jìnnà síra. Ó wò mí bí ẹni tí mo bú.

N kò bá a jiyàn. Mo fi èékánná ha gọ́ọ̀mù kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ ojú irin, mo gbé e sáàárín pẹpẹ, mo sì gbọ́wọ́ kúrò. Katapílà ti dákẹ́ fún oúnjẹ ọ̀sán, ilé pa rọ́rọ́. Ọkọ̀ náà dúró.

“Ṣé o rí i?” ni bàbá àwọn ọmọ wí. Ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìgbà náà ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà yí. Ó rọra lọ bí ẹni tí kò fẹ́ ká mọ̀, lẹ́yìn náà ó yára, ó sì lọ gbá ilé gogoro. Ọkọ̀ náà ré bọ́ sórí ibùsùn.

Ìyá ní, “Ta ló tì í?”

Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Di ẹsẹ̀ Ìyá mú. Èmi á gbé apá.”

A gbé e gba ọ̀ọ̀dẹ̀ jáde. Bí a ṣe ń lọ ni Ìyá ń béèrè pé, “Àwọn ilé rẹ ńkọ́? Ṣé o ò ní kó wọn ni?” Ó ní, “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Ìyá.” N kò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ẹnjiníà, ògiri náà kò tíì wó. Ìyẹn gan-an ni ìṣòro mi. Bí ó bá wó, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n ó dúró, ìdúró rẹ̀ sì ń fún bàbá àwọn ọmọ láyà lójoojúmọ́. Ó ti ń sọ pé bóyá a kánjú. Ó ní a ò fa kọ́tìnnì, pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ lè máa yí wọ ibẹ̀. Lánàá mo wá a tì nínú ilé. Ẹnu géètì wa ni mo ti bá a, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì àtíkè mi wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní òun kàn fẹ́ gbọn eruku ni. Mo gba kọ́kọ́rọ́ náà, mo sì ti fi pa mọ́, ṣùgbọ́n fèrèsé ni fèrèsé ń jẹ́, mo sì mọ ọkọ mi. Tìrẹ ló máa gbọ́, torí ògiri ni iṣẹ́ rẹ. Tètè wá, jọ̀ọ́. Bí o bá sì débẹ̀ kí n tó dé, má gba ẹ̀yìnkùlé.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì gbé ọmọ-ọmọ wa mọ́ra fún mi. Àbúrò mi kí ọ. Ìyá ní kí n sọ fún ọ pé òun ti kó ilé, àti pé ilé tuntun yìí dára, àyàfi pé kò sí ilé ẹjọ́ nítòsí.

Ìyá náà ló gbé ọkọ̀ ojú irin náà wá. A ti sọ Ìyá kalẹ̀ níbí kí a tó rí i pé ó ká a mọ́ inú ìró rẹ̀. Ó wà lórí tábìlì tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Mo gbé e síbẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì sún, síbẹ̀ mo ń gbójú sókè wò ó ṣáá. Mo ti ń kásẹ̀ ọ̀rọ̀ nílẹ̀ nígbà tí ọkọ mi wọlé. Ó rí ọkọ̀ náà. Ó fi orúnkún kúnlẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá tábìlì dọ́gba, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

Ó ní, “Má lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ o.”

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tó ń retí rẹ,
Akọ̀wé