Mo Ní Kí Alhaja Má Tíì Lọ sí Hospital Nítorí Egbò Ẹnu

Èmi ni mo sọ fún obìnrin kan pé kó má tíì lọ sí hospital, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe nígbà tí mo sọ ọ́. Ẹ̀yin ará page yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Admin, ẹ má jẹ́ kí orúkọ mi hàn rárá, torí mi ò mọ̀ bóyá ọmọ obìnrin náà máa ń wá síbí.

Ìtamaga níbí ni mo ti ní shop, n'Ikorodu. Oògùn ìbílẹ̀ ni mò ń tà, àmọ́ ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ́ mi ni omi egbò ẹnu. Ewé gúáfà tútù ni, màá sè é pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, màá wá gún kànáfùrù àti èèpo gbòǹgbò orin ata sí i. Màmá mi tó ti kú ló kọ́ mi, ọmọ Ejinrin ni wọ́n. Ẹ má rò pé jìbìtì ni o. Ẹni tó gé ahọ́n jẹ, ẹni tí ibà bó lẹ́nu, tó bá ń fi ṣan ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́, kò ní pẹ́ tó fi máa jinná. Àwọn ọmọ tèmi gan-an ń lò ó.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo mọ Alhaja. Ará Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, ẹja yíyan ni wọ́n ń tà. Ọmọ wọn obìnrin tó ń ránṣọ nítòsí Agric ló ra ìgò kan fún wọn nígbà yẹn, egbò ẹnu wọn sì jinná láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní ọmọ wọn. Wọ́n á fi ẹja ránṣẹ́ sí mi, wọ́n á darí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sí mi. Nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi, wọ́n gbéra láti Ẹ̀pẹ́ wá, wọ́n ń bá mi wẹ ọmọ títí tá a fi sọ ọ́ lórúkọ. Èmi tí kò ní ìyá mọ́...

Ọdún yìí ni egbò mìíràn yọ sí ẹ̀gbẹ́ ahọ́n wọn, lápá òsì. Mo fi ìgò kan ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, oṣù kan kọjá, ó ṣì wà níbẹ̀. Alhaja ní ó ti ń lọ torí kò dùn wọ́n tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àmọ́ èmi tí mò ń sè é mọ ohun tó fà á. Kànáfùrù àti orin ata máa ń mú kí ẹnu kú, èèyàn ò ní mọ ìrora, á rò pé egbò ti ń san. Kí ni mo wá ṣe? Mo fi kún orin ata tó wà nínú ìgò tó tẹ̀ lé e.

Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń rà á fún ọmọ ẹ̀ wá sí shop lọ́jọ́ kan, mo wá bi í bí ẹni tí kò ní nǹkan lọ́kàn. Ó ní egbò ẹnu tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò jinná, kí onítọ̀hún fi ewé sílẹ̀, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá. Ó bi mí pé ta ni. Mo ní mo kàn bèèrè ni. Ti Alhaja ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án lọ́jọ́ náà.

Mo lọ sí Ẹ̀pẹ́. Alhaja ya ẹnu fún mi nínú oòrùn, níwájú ilé wọn. Etí egbò náà ti le, ó ga sókè, àárín ẹ̀ funfun. Mo fọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n wọn, kókó kan wà níbẹ̀ bí ekùrọ́. Wọ́n bi mí pé, "Ó ti ń lọ, àbí?" Mo ní, "Ó ti ń lọ, Alhaja."

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí wọ́n pè mí. Wọ́n ní ọmọ àwọn ń yọ àwọn lẹ́nu pé kí àwọn lọ sí hospital, pé kí ni mo rí sí i? Ibẹ̀ ni mo ti ba ayé ara mi jẹ́. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, pé ti ìbílẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó wọra, pé tí dókítà bá fi abẹ kàn án, ó lè tàn ká. Kí ló dé tí mo sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé ìtìjú ni? Ṣé nítorí orúkọ mi lọ́jà Ẹ̀pẹ́ ni? Mi ò fẹ́ kí wọ́n wò mí bí ẹni tí oògùn ẹ̀ ò jẹ́ mọ́. Èyí tó burú jù ni pé ọmọ wọn tún pè mí, ó ń bẹ̀ mí, "Aunty, ẹ bá mi bá màámi sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́ tiyín." Mo ní màá bá wọn sọ̀rọ̀. Mi ò bá wọn sọ nǹkan kan.

Oṣù méjì lé ni a tún fi bẹ́ẹ̀ ṣòfò. Alhaja rù, ẹ̀kọ mímu nìkan ló ń wọlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tu itọ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọmọ wọn fi tipátipá gbé wọn lọ sí hospital. Wọ́n gé díẹ̀ lára egbò náà fún àyẹ̀wò. Jẹjẹrẹ ni. Dókítà bi wọ́n pé ta ló ní kí wọ́n jókòó sílé, Alhaja sì dáhùn pé kò sẹ́nì kankan, pé àwọn ni àwọn ń bẹ̀rù abẹ. Ọmọ yẹn ló ròyìn ẹ̀ fún mi lórí fóònù, ó ń sunkún, ó tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbìyànjú láti bá òun bẹ̀ wọ́n. Mo ní kò tọ́pẹ́.

Lánàá, Alhaja fi voice note ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ahọ́n wọn ti wúwo. Wọ́n ní kí n fi ìgò kan ránṣẹ́ sí àwọn, pé oògùn hospital ò jẹ́ kí ẹnu àwọn sinmi bíi tèmi, pé kí n má jẹ́ kí àbúrò mi mọ̀. Àbúrò mi tí wọ́n ń wí ni ọmọ wọn. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa bí mo ṣe ní kí wọ́n má tíì lọ sí hospital. Wọn ò bi mí léèrè nǹkan kan. Ṣé wọ́n mọ̀ pé mo parọ́ ni? Ṣé wọ́n mọ̀, tí wọ́n wá ń bò mí láṣìírí? Mi ò lè jẹun láti àná.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gé lára ahọ́n wọn. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ wọn má já gaara mọ́ láyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n fi ìgò yẹn ránṣẹ́ torí ìrora, àbí kí n má fi ránṣẹ́? Ṣé kí n pe ọmọ wọn kí n jẹ́wọ́ fún un kó tó di Ọjọ́bọ̀, nígbà tí Alhaja ṣì lè fi ẹnu ara wọn sọ bóyá wọ́n dárí jì mí? Àbí kí n dákẹ́ títí wọ́n á fi gé ahọ́n náà, kó wá ku èmi nìkan tó lè sọ ọ́?