Fáwùnmí Ọdẹ́bọ̀dé, Ẹni Tí Kò Ṣe Ọ̀lẹ Rí

Ní ọdún 1925, ní àsìkò tí wọ́n ń wa iṣu tuntun, ni a bí Olóògbé Fáwùnmí Ọdẹ́bọ̀dé ní agboolé Ọdẹ́bọ̀dé, ní ìlú Ìgànná. Ọdẹ àti àgbẹ̀ ni bàbá wọn. Àmọ̀kẹ́, ìyá wọn, ọmọ Ṣakí ni. Ọmọ méjì péré ló yè lọ́wọ́ ìyá náà. Ògúnsúyì ni ẹ̀gbọ́n, Fáwùnmí ni àbúrò, ọdún méjì ló sì wà láàárín wọn. Inú abọ́ kan ni wọ́n ti ń jẹun, orí ẹní kan ni wọ́n ń sùn, títí àwọn méjèèjì fi hu irùngbọ̀n.

Olóògbé kò rí ilé ẹ̀kọ́ lọ ní kékeré. Ní 1950 ni wọ́n tó lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà, wọ́n sì mọ orúkọ ara wọn kọ. Ní ti ebè kíkọ, ẹ má jẹ́ kí a torí ìrẹ̀lẹ̀ purọ́ fún yín: kò sí ẹni tó lè bá wọn du ú. Wọn á ti kọ igba ebè kí oòrùn tó kan àtàrí, wọn á sì tún máa fi àwọn tó kù ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 1952 ni wọ́n gbé Dúróríkẹ́ níyàwó, ọmọ àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn. Màmá fúnra wọn ló sọ fún wa pé itan Bàbá nínú ṣòkòtò péńpé ni àwọn kọ́kọ́ rí, kí àwọn tó gbójú sókè wo ojú wọn. Ògún tí bàbá wọn bọ ni Olóògbé bọ dọ́jọ́ ikú. Màmá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá ló sì máa ń rán wọn létí pé agogo ti dún.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1978, irúgbá gbó lóko. Bàbá gun igi láti ká a, ẹ̀ka kán, wọ́n sì fi ẹ̀yìn gúnlẹ̀. Oṣù márùn-ún ni wọ́n lò ní ilé ìwòsàn. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí dúró, àmọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì kò gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu mọ́.

Kí a má fi bò, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Màmá ń gún iyán fún ọkọ wọn, wọ́n sì ń fi òrí pa ẹsẹ̀ Bàbá láràárọ̀. Itan náà kò rù. Ó kún, ó ń dán. Bí Bàbá bá sì sùn sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ náà á dédé ta, á ju aṣọ ìbora sọnù. Ẹ̀gbọ́n wọn rí gbogbo èyí. Àwọn nìkan ló ń ṣe oko ẹni méjì, ó ti rẹ̀ wọ́n, inú sì ń bí wọn. Wọ́n sọ ọ́ ní gbangba ojúde pé, “Ẹsẹ̀ tó ń ju aṣọ nù, òun náà ni kò lè dúró? Ọ̀lẹ ni Fáwùnmí, kì í ṣe arọ!” Ọ̀rọ̀ náà ràn ká Ìgànná. Àwọn tí Bàbá ti fi ebè dójú tì rí ló gbé e jù.

Láti 1980, Bàbá Ògúnsúyì kò wọ yàrá àbúrò wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ ògiri kan ṣoṣo ló pààlà wọn. Bí wọ́n bá wúkọ́ lọ́hùn-ún, Bàbá á kí wọn láti ìhín pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi.” Ẹnikẹ́ni kì í dáhùn. Ọdún mẹ́rin gbáko! Bàbá sọ fún Mojọlá, àkọ́bí wọn, pé àwọn ti gbà pé àwọn kò ní rìn mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí àwọn ń fẹ́ ni kí ẹ̀gbọ́n àwọn mọ̀ pé àwọn kò purọ́.

Ní 1984, Mojọlá ti di nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn. Ó gbọ́ pé dókítà kan tó ń jẹ́ Cornelius ní ẹ̀rọ tí ń fi ìró tí etí kò lè gbọ́ ya fọ́tò inú ara, ó sì ń fi wo itan àwọn tí eegun ẹ̀yìn wọn ti ṣẹ́. Dókítà náà ní kí aláìsàn mú ẹbí rẹ̀ kan tí ara rẹ̀ dá wá, kí òun lè fi itan wé itan. Ta ni ìbá tún jẹ́? Mojọlá lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá Ògúnsúyì. Kíá ni wọ́n gbà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá tú àṣírí ọ̀lẹ.

Nígbà tí a dé Ìbàdàn, dókítà kọ́kọ́ fi téèpù wọn itan tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Ti Bàbá ló tóbi jù. Bàbá Ògúnsúyì wo gbogbo wa lójú bí ẹni tó ti jàre. Wọ́n wá dùbúlẹ̀, dókítà da nǹkan yíyọ̀ tútù kan sí wọn nítan, wọ́n pariwo, “Yéè! Ẹ fẹ́ pa mí ni?” Fọ́tò wọn jáde: ẹran itan wọn nípọn tó ìka mẹ́ta. Ó kan Bàbá. Ẹran itan tiwọn kò tó ìka kan. Ọ̀rá ló gba gbogbo àyè tó kù, òun ló mú kí itan náà kún lójú. Dókítà ṣàlàyé pé okùn inú eegun ẹ̀yìn tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹran tí kò rí iṣẹ́ ṣe ló ń gbẹ, ẹsẹ̀ sì ń ta fúnra rẹ̀, kì í ṣe pé ẹni tó ni ín rán an.

Bàbá Ògúnsúyì bọ́ fìlà. Wọ́n wo fọ́tò kìíní, wọ́n wo èkejì. Wọ́n wá fa etí bùbá wọn, wọ́n sì ń fi nu itan àbúrò wọn, nǹkan yíyọ̀ náà tán, wọn kò dáwọ́ dúró. “Fáwùnmí, o ò purọ́.” Bàbá bú sẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ara tù mí wàyí.”

Ẹ̀yìn ni Bàbá Ògúnsúyì fi pọn àbúrò wọn láti ibùdókọ̀ Ìgànná wọlé, lọ́sàn-án gangan, wọ́n sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan sọ pé àwọn ló ṣì í sọ. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni wọ́n ń wá ká ẹsẹ̀ àbúrò wọn, tí wọ́n ń nà án, bí dókítà ṣe kọ́ wọn. Ní 1987, wọ́n tún ya fọ́tò náà: ẹran tó ṣẹ́ kù kò dín sí i. Iyán ọjọ́ náà kò kéré! Orí àga ni Bàbá ti ń gbẹ́ igi ọkọ́ fún àwọn àgbẹ̀ àdúgbò, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń parí ìjà ààlà oko. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá 1989, wọ́n jẹun tán, wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n sì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Wọ́n fi Màmá Dúróríkẹ́ sáyé lọ, àti Mojọlá, Ìyápọ̀ tó wà nídìí oko, Àpọ́nlé tó jẹ́ tíṣà ní Komu, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án. Wọ́n fi ẹ̀gbọ́n wọn náà sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wa kẹ́dùn, ẹ kò rí Bàbá Ògúnsúyì nídìí ibojì yìí, nítorí pé àṣà wa kò gba ẹ̀gbọ́n láyè láti wo ibojì àbúrò. Inú yàrá ni wọ́n jókòó sí. Àwọn ló pè wá ní àná pé, “Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé náà pé èmi Ògúnsúyì ni mo pè é ní ọ̀lẹ, kò sì ṣe ọ̀lẹ rí. Ẹ kà á sókè, kó gbọ́.”

A ti kà á. Bàbá Mojọlá, ẹ̀gbọ́n yín ti dáhùn. Ẹ sinmi, kí ẹ sun oorun ire.