Símẹ́ńtì Ibojì Yín Ti Di Owó Ẹ̀yìn Mi

Kí n tó kí yín, ẹ jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ símẹ́ńtì. Àwọn àpò tí mo yà sọ́tọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi n'Íkàrẹ́ fún ibojì yín, mo ti tà wọ́n, mo ti fi kún owó iṣẹ́ abẹ mi. Lójú tèmi, gbèsè yẹn ti parí.

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Àìsàn yín ló mú mi. Bí mo bá dúró ka ìṣó fún oníbàárà, ẹsẹ̀ mi méjèèjì á kú. Bí mo bá tẹ̀ síwájú lé káńtà, ara á tù mí. Dókítà ní Ìbàdàn fi fọ́tò ẹ̀yìn mi hàn mí: ihò tí iṣan ẹsẹ̀ ń gbà kọjá nínú egungun ìbàdí ti fún. Téèyàn bá tẹ̀ síwájú, á là díẹ̀. Téèyàn bá nàró, á tún há.

Ẹ̀yin ni mo rí nínú fọ́tò yẹn. Ẹ máa ń tẹ̀ síwájú lé kẹ̀kẹ́, ẹ ó ti ẹrù iṣu gun òkè Ọ̀kà láìsinmi. Tẹ́ ẹ bá wá ń nàró sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo, kò sí àpáta tẹ́ ẹ kì í jókòó lé. Ọ̀lẹ ni gbogbo ilé pè yín. Bàbá Kékeré, àbúrò yín, á pariwo: “Ẹ̀gbọ́n Sinmi-ná, ṣé àpáta yẹn ń sanwó oṣù fún yín ni?”

Ẹ̀yin náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ pé ẹsẹ̀ yín ló ń kú? Ilẹ̀ kòkó, àwọn ọmọ yín ọkùnrin lẹ fún. Àìsàn yìí ló kàn mí.

Ihò kékeré báyìí làwọn dókítà máa lu síbi ìbàdí mi, wọ́n á ti ọ̀pá tín-ín-rín tó ní iná àti kámẹ́rà bọ̀ ọ́, wọ́n á máa wo inú ẹ̀yìn mi nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á ha egungun tó há iṣan mọ́ kúrò. Kò sí irú ẹ̀ nígbà tiyín.

Ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré tún ti dé: “Onísímẹ́ńtì, bàbá ẹ sì ń sùn nínú yẹ̀pẹ̀! Òun ló dì ẹ́ lẹ́yìn mú. Fi símẹ́ńtì rẹ́ ibojì ẹ̀ kó o tó lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ o ò ní jí.” Mo dá a lóhùn kíkan, àmọ́ oorun ò kùn mí mọ́. Ṣé òótọ́ ni, Bàbá? Ṣé ẹ̀yin lẹ lè ṣe èyí sí mi?

Ọjọ́bọ ni màá dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ. Tẹ́ ẹ bá ní nǹkan sọ, èmi ni kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ fún, ẹ má gba ẹnu àbúrò yín. Tí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, màá lọ.

Èmi ọmọbìnrin yín, tó fẹ́ràn yín tìbínú-tìbínú, tó ń retí èsì yín di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú.